Òótọ́ àbí irọ́? Àwọn Phaeacia, ìlú atukọ̀ tó gba Odysseus lálejò

Bí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àlejò bá délẹ̀ láàárín àwọn tó ń ka ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì, ìlú kan ni ọkàn wọn máa ń lọ sí: Scheria, ilẹ̀ àwọn Phaeacia, tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Odyssey, ewì gígùn tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Homer. Ogun Troy ti parí láti bí ọdún mẹ́wàá, Odysseus, ọba Ithaca, kò tíì délé. Òkun fọ́ ọkọ̀ pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó lúwẹ̀ẹ́ fún ọ̀sán méjì òru méjì, ó sì jáde sí etí omi ní Scheria láìsí aṣọ lára rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n kó ẹ̀bùn rẹpẹtẹ fún un, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e délé.

Ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì n'Ìbàdàn. Ẹ̀ka Classics ní Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn ẹ̀ka tó pẹ́ jù níbẹ̀, iyàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jà lórí Homer sì máa ń bá wọn jáde ní géètì dé Àgbowó àti Bódìjà. Ohun tó ń dùn mí ni pé àsọdùn ti bo ẹwà ìtàn náà mọ́lẹ̀. Wọ́n ti sọ àwọn Phaeacia di aláàánú kan tí ayé rọ̀ lọ́rùn, tí kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Inú wọn máa ń dùn sí gbogbo àlejò." Irọ́.

Nígbà tí Odysseus fẹ́ wọ ìlú, Athena, òrìṣà tó ń ràn án lọ́wọ́, pàdé rẹ̀ lọ́nà ní àwọ̀ ọmọdébìnrin tó gbé ìkòkò omi. Ó kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe wo ẹnikẹ́ni lójú, kó má sì bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, torí pé àwọn ará ìlú yìí kì í fẹ́ fara mọ́ ẹni tó ti ibòmíràn wá. Ó tún fi kùrukùru bò ó kí wọ́n má baà rí i. Ṣáájú ìyẹn ni Nausicaa, ọmọbìnrin ọba, tó rí i létí omi, ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá òun rìn wọ ìlú. Ó ní àwọn ẹlẹ́nu wà níbẹ̀ tí yóò máa bèèrè pé níbo ni òun ti rí arẹwà àjèjì yìí, ṣé ọkọ ni òun ń mú bọ̀ ni. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí àyálégbé pọ̀ sí ní Àgbowó kò nílò àlàyé lórí irú ẹnu bẹ́ẹ̀.

Ìfura wọn sì nídìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹfà nínú ewì náà sọ fún wa pé Hypereia ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, nítòsí àwọn òmìrán tí wọ́n ń pè ní Cyclops, tí wọ́n lágbára jù wọ́n lọ, tí wọ́n sì ń kó wọn lẹ́rù. Nausithous, bàbá Alcinous tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, ló kó wọn kúrò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé Scheria, odi ló kọ́kọ́ mọ yí ìlú ká. Ẹ̀yìn odi ni ilé, ilé àwọn òrìṣà àti pínpín ilẹ̀ oko tó tẹ̀ lé e. Ọmọ Ìbàdàn yóò mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Àgọ́ ogun ni tiwa náà nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú tẹ̀dó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1829, àwọn tí ogun lé kúrò nílé baba wọn ló sì pọ̀ nínú àwọn tó kún un. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n mọ́ ìlú yìí pé ó ń gbe àlejò ju onílé lọ, ṣùgbọ́n ìlú yìí kan náà ló ya Sàbó sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa ní 1916 pé kí wọ́n máa gbé níbẹ̀. Ìlú lè máa fura, kó sì tún máa gbàlejò. Lójú tèmi, ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tí àwọn Phaeacia ṣe níye lórí: wọ́n mọ ohun tí àjèjì lè fi ojú ẹni rí, síbẹ̀ wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

"Torí pé ọba ni Odysseus ni wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀." Irọ́ pátápátá, ibí gan-an ló sì yẹ ká fìdí kalẹ̀ sí.

Wọn kò mọ̀ pé ọba ni. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá. Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tó wọ ààfin, àwọn ìjòyè ń ta ọtí sílẹ̀ fún òrìṣà kí wọ́n tó lọ sùn. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn kọjá, ó lọ dì mọ́ orúnkún olorì Arete, ojú ẹsẹ̀ ni kùrukùru ká kúrò lára rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun dé ilẹ̀ baba òun, ó sì lọ jókòó sínú eérú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Gbogbo ilé pa kẹ́kẹ́. Ọba pàápàá kò rí nǹkan sọ. Ó pẹ́ kí Echeneus, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ìjòyè, tó sì mọ àṣà àtijọ́, tó la ẹnu. Ó sọ ọ́ fún Alcinous lójú gbogbo ènìyàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí kò bójú mu, pé àlejò kì í jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eérú. Ó ní kí wọ́n gbé e sórí àga, kí wọ́n po ọtí, kí ìyá tó ń mójú tó oúnjẹ wá ohun tó wà nílé fún un.

Ìgbà náà ni ọba tó dìde. Ó fa àlejò lọ́wọ́, ó ní kí Laodamas, ọmọ tó fẹ́ràn jù, kúrò lórí àga fún un. Ìránṣẹ́bìnrin kan gbé kẹ́tùrù wúrà wá, ó bu omi sí i lọ́wọ́ lórí àwo fàdákà, ó tẹ́ tábìlì sí iwájú rẹ̀. Ó jẹ, ó mu. Ìgbà tí àwọn ìjòyè ti lọ sílé ni Arete tó bi í léèrè ẹni tó jẹ́, torí ojú olorì ti dá aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ òun àti àwọn obìnrin ààfin ni. Odysseus sọ bí aṣọ ṣe dé ọrùn òun, ó sọ ohun tí ojú òun rí lórí òkun, ó fo orúkọ. Wọ́n jẹ́ kó fò ó. Ó sùn, ilẹ̀ mọ́, wọ́n se àsè, wọ́n ṣe eré ìdárayá, ilẹ̀ tún ṣú, kó tó wá sọ fún wọn ní ìwé kẹsàn-án pé òun ni Odysseus ọmọ Laertes. Kó tó dìgbà yẹn, ọba ti ṣèlérí ọkọ̀, ẹ̀bùn sì ti délẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá ń rí lóde òní, ì báà jẹ́ Àgbowó, ì báà jẹ́ àwọn òpópónà ẹ̀yìn Challenge. Kó tó wọ inú ọgbà ni wọn yóò ti máa bi í pé ọmọ ibo ni, ìsìn wo ló ń ṣe, ta ni yóò dúró fún un. Mo mọ̀ pé onílé náà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, ojú ti rí púpọ̀. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé kí a kọ́kọ́ kí àlejò kú ìrìn, kí a fún un níjòókòó, kí a gbé omi fún un, kí a tó bi í ní ohun tó bá wá. Ohun tí Echeneus dìde gbèjà nìyẹn. Ọba ló gbàgbé, àgbà ló rán an létí, ọba kò sì bínú. Àlejò tó dé Scheria kò gbẹ́kẹ̀ lé inú rere ẹnì kan ṣoṣo. Bí orí ọ̀kan bá dàrú, ẹlòmíì wà níbẹ̀ tó mọ ohun tó yẹ, tó sì láyà láti sọ ọ́.

"Odysseus fẹ́ Nausicaa." Irọ́.

Lóòótọ́, Alcinous fi ọmọ rẹ̀ lọ̀ ọ́, pẹ̀lú ilé àti ohun ìní, ó sì fi kún un pé kò sí ẹni tí yóò fi ipá dá a dúró. Nausicaa fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí omi pé irú ọkùnrin báyìí ni òun ì bá fẹ́ fi ṣe ọkọ. Àmọ́ Odysseus níyàwó nílé. Lẹ́bàá òpó gbọ̀ngàn ààfin ni wọ́n ti dágbére: Nausicaa ní bó bá délé kó máa rántí òun, torí òun ló kọ́kọ́ jẹ ní gbèsè ẹ̀mí rẹ̀.

Ó sì tọ̀nà. Aṣọ ló bá lọ sí odò lọ́jọ́ náà, òun àti àwọn ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ nínú kòtò omi, wọ́n sá a sórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n wá ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn kó tó gbẹ. Nígbà tí ọkùnrin tí iyọ̀ òkun ti gbẹ mọ́ lára jáde láti inú igbó, tó fi ẹ̀ka igi bo ìhòòhò rẹ̀, gbogbo wọn fẹsẹ̀ fẹ. Òun nìkan ló dúró. Ó pè wọ́n padà, ó ní Zeus, ọba àwọn òrìṣà, ló ni gbogbo àlejò àti alágbe, kí wọ́n wá oúnjẹ àti ibi tí yóò ti wẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ tó ní ààfin kò tíì mọ̀ pé àlejò dé.

"Òwò orí òkun ló sọ wọ́n di olówó." Kò sí nínú ìwé náà.

Atukọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe oníṣòwò. Ọrọ̀ Alcinous tí Homer fi ojú wa kàn jù ni oko rẹ̀, níbi tí èso ọ̀pọ̀tọ́, pómégíránétì, ápù àti ólífì kò ti dáwọ́ dúró tọ̀jò tẹ̀ẹ̀rùn. Òwò gan-an, èébú ni lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wọn. Níbi eré ìdárayá, Euryalus sọ sí Odysseus lójú pé kò jọ ẹni tó mọ eré, pé ó jọ ọ̀gá ọkọ̀ akẹ́rù tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹrù àti èrè. Odysseus bínú, ó gbé òkúta tó wúwo ju èyí tí wọ́n fi ń ṣeré, ó jù ú kọjá ti gbogbo wọn. Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi ìsọ̀ ní Dùgbẹ̀ tọ́ kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Euryalus kó má dùn ún, èmi náà kò sì dárí jì í títí di ìgbà tí ọba pa á láṣẹ pé kó lọ bẹ àlejò. Ó fi idà idẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ fàdákà ṣìpẹ̀.

"Àpò ọba ni gbogbo ẹ̀bùn yẹn ti jáde." Irọ́.

Ọba méjìlá ló wà nílùú náà, Alcinous ni ìkẹtàlá wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mú aṣọ ìbora kan, ẹ̀wù kan àti òṣùwọ̀n wúrà kan wá. Arete kó wọn sínú àpótí, ó sì sọ fún Odysseus pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ìdérí rẹ̀, kó ta á ní kókó, kí ẹnikẹ́ni má baà jà á lólè bó bá sùn lọ lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ ìlú olorì náà ni yóò wa ọkọ̀ ọ̀hún! Ó fẹ́ràn àlejò, ó sì mọ ènìyàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹtàlá, Alcinous ní kí ọba kọ̀ọ̀kan tún fi ìkòkò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan àti ọpọ́n ńlá kan kún un. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan tì í tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò: àwọn yóò gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, torí ó ṣòro kí ẹnì kan dá irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìlú tó ti rí ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, tí àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn dìde nítorí owó orí, kò gbọdọ̀ fo irú ìlà yẹn. Homer kò sọ pé ẹnikẹ́ni ráhùn ní Scheria. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe ààfin nìkan ló gba Odysseus lálejò: ẹni tó ń hun aṣọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ro oko wà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin 52 tó gbé àjẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ wọn ni kò sí nínú oríkì. Bí a bá ń yin Alcinous, ó yẹ ká mọ ẹni tó sanwó.

"Ọkọ̀ wọn kò ní atọ́kọ̀." Òótọ́, bí ewì náà ṣe wí.

Alcinous sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀: ọkọ̀ wọn mọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn, ó mọ gbogbo ìlú, kò nílò ẹni tí yóò máa tọ́ ọ. Àwọn tó ń wà á wà lóòótọ́. Òru ọjọ́ kan ló fi dé Ithaca, Odysseus sùn fọnfọn, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tó tẹ́ sùn, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ tì sí ìdí igi ólífì kí olè má baà rí i lójú ọ̀nà.

"Erékùṣù Corfu ni Scheria." Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni, kò lẹ́rìí.

Thucydides, òpìtàn Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi, kọ ọ́ pé àwọn ará Corcyra, tí í ṣe Corfu òní, ń fi àwọn Phaeacia yangàn nítorí agbára ọkọ̀ ogun wọn, pé ojúbọ Alcinous tilẹ̀ wà níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń fi erékùṣù kékeré kan, Pontikonisi, han àwọn arìnrìn-àjò pé ọkọ̀ Phaeacia tí ìtàn ní ó di òkúta nìyẹn. Eratosthenes, ọ̀mọ̀wé tó wọn bí ayé ṣe tóbi tó, kò gbà rárá pé a lè ya àwòrán ìrìn Odysseus sórí ilẹ̀. Homer náà ní ìpẹ̀kun òkun ni wọ́n wà, níbi tí ènìyàn kankan kì í dé bá wọn. Ẹ̀yìn Eratosthenes ni mo wà.

"Poseidon pa ìlú wọn run." Homer kò sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni mo gbọ́ jù, òun ló sì ń dùn mí jù. Poseidon, òrìṣà òkun, ń bínú sí Odysseus nítorí ọmọ rẹ̀, Cyclops kan tí Odysseus fọ́ lójú. Baba ńlá àwọn Phaeacia ni Poseidon, torí ọmọ rẹ̀ ni Nausithous, síbẹ̀ kò mójú kúrò lára wọn. Nígbà tí ọkọ̀ wọn ń padà bọ̀ láti Ithaca, tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ó lù ú di òkúta, ó rì í mọ́ ìdí òkun lójú àwọn tó ń wò ó láti èbúté. Ìdajì ìyà tó pinnu nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé kí òkè ńlá dé ìlú náà mọ́lẹ̀. Alcinous rántí pé bàbá òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe sin àlejò mọ́, kí wọ́n fi akọ màlúù méjìlá bẹ Poseidon. Wọ́n dúró yí pẹpẹ ká, wọ́n ń gbàdúrà, ìtàn sì já sí Ithaca ní àárín ìlà náà gan-an. Bóyá òkè dé tàbí kò dé, Homer kò padà sí i mọ́. Ẹni tó bá ní ìlú náà parun, òun ló parí rẹ̀.

Ohun tí ewì náà sọ kedere ni pé inú rere wọn ni ìyà fi jẹ wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn fẹ́ kí ìtàn parí pé oore ni oore í bí, Homer sì kọ̀. Ọ̀rọ̀ òkun tó ń dojú kọ ìlú kò jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ tí wọ́n sì ń pẹja nígbà kan rí, òkun ti gba ilé púpọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni wọ́n ṣẹ̀.

"Ìtàn òyìnbó ni, kò kàn wá." Irọ́.

Christopher Okigbo ka Classics n'Ìbàdàn níbí, ó jáde ní 1956, ẹ ò sì lè ka ewì rẹ̀ kẹ́ ẹ má rí i. Ọlá Rótìmí gbé Oedipus, ọba inú eré Gíríìkì àtijọ́, wọ aṣọ Yorùbá nínú eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan, tó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn rí, mú ẹkún àwọn obìnrin Troy, ó fi sẹ́nu àwọn obìnrin Òwu. Ọ̀rọ̀ tún ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà tí Milman Parry, ọ̀mọ̀wé lórí ewì Homer, ti lọ gba ohùn àwọn akọrin ìtàn sílẹ̀ ní Yugoslavia ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé láti inú àṣà ohùn ẹnu ni ewì Homer ti jáde, pẹ̀lú àpèjúwe tó ń tẹ̀ lé orúkọ lọ tẹ̀ lé orúkọ bọ̀. Ẹni tó mọ oríkì kò ní jókòó kí àjèjì wá ṣàlàyé ìyẹn fún un. Ní ààfin Alcinous, Demodocus, akọrin tí ojú rẹ̀ fọ́, ni wọ́n gbé àga onífàdákà fún lẹ́bàá òpó, wọ́n so dùùrù rẹ̀ kọ́ sókè orí rẹ̀, wọ́n sì mú ọwọ́ rẹ̀ kàn án kó lè mọ ibi tó wà. Odysseus gé ẹran tó dára jù nínú àwo ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí i. Onírárà èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ yóò gbà pé àwọn yẹn mọ iyì àwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí i fúnra rẹ̀ kò nílò láti ka ìwé mẹ́rìnlélógún Odyssey tán lẹ́ẹ̀kan náà. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kẹfà, kó ka ìkeje àti ìkẹjọ, kó fo títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹtàlá. Kó mú ìtumọ̀ méjì bó bá rí i, kó fi ọ̀kan wé èkejì níbi tí Zeus ti ń dá Poseidon lóhùn nípa òkè yẹn, torí láti ayé àtijọ́ ni àwọn tó ń ṣàtúnṣe ìwé náà ti ń ja iyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀: bóyá Zeus ní kó dé ìlú náà mọ́lẹ̀ ni, tàbí ó ní kó má ṣe é.